Ẹ̀kọ́ Àsèsílẹ̀ Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Mi

Mọ́níyà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ mi àtàtà,

Mo ti ka ìwé rẹ títí bàbá rẹ fi ní kí n gbé e sílẹ̀ kí n wá jẹun. Mo kà á ní pálọ̀, mo kà á lórí àpótí nídìí ààrò nígbà tí ìrẹsì ń hó lọ́wọ́. Ìrẹsì náà sì jóná. Bàbá rẹ jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, torí wọ́n rí i pé inú mi ti dùn kọjá kí ènìyàn máa bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìrẹsì.

Ṣé ìwọ náà nìyí? Ìwọ tó máa ń sá sẹ́yìn mi bí wọ́n bá ní kí o wá ka ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo sókè níwájú ìjọ! Ìwọ ni àwọn ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ wá jókòó tì, tí wọ́n ní kí o kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tíṣà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí o tó mọ̀wé é kà. O ò sì tíì lo ọdún kan ní Ẹ́rúnmu o! Mo dìde, mo jó yí tábìlì ká. Bàbá rẹ ní orúnkún mi ńkọ́? Mo ní orúnkún ti gbàgbé pé òun ń dùn mí.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ rẹ sọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama agbègbè yín ni kò ní tíṣà ìtàn. Níbì kan, tíṣà ìṣirò ló ń fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ. Níbòmíràn, àwọn ọmọ kàn ń jókòó wo ara wọn títí agogo á fi lù ni. Ó ti sú àwọn ọ̀gá àgbà, wọ́n ní kí àwọn kúkú yọ ìtàn kúrò nínú tàìmùtébù. Ìwọ lo wá dìde ní ìpàdé, o ní bí tíṣà ò bá sí, ẹ jẹ́ ká se ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó bá wọ kíláàsì lè bù ú fún àwọn ọmọ: ohun tó máa sọ, ohun tó máa kọ sójú bọ́ọ̀dù, ìbéèrè tó máa bi wọ́n, àti iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó máa tẹ̀lé e. Wọ́n ní ó dáa, kọ àkọ́kọ́ ká rí i. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọn óò péjọ sí Olódò, tíṣà kan tí kò kọ́ ìtàn rí yóò sì fi ìwé rẹ kọ́ àwọn ọmọ lójú gbogbo wọn. Bó bá yọrí, wọn óò tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, wọn óò sì ní kí o kọ ìyókù. Bó bá dàrú, ìtàn parí láti tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, títí kan kíláàsì tìrẹ ní Ẹ́rúnmu.

Ẹ̀rù wá bà ọ́. O kọ ọ́ sí mi pé: "Màmá, ẹ bá mi kà á kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó tó rán jáde láìsí èmi níbẹ̀, àbí kí n lọ sọ fún wọn pé mi ò ṣe mọ́?"

Mo mọ̀ ọ́ bí ẹní mowó. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ ti wà lẹ́tì ìwé, o fẹ́ ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn wo ìdáhùn. Má ṣe é! Mo ti dàgbà jù láti máa kọ lẹ́tà gígùn lẹ́ẹ̀mejì. Jókòó, mu omi, kí o kà á bí mo ṣe tò ó.

Èkínní. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀kọ́ àsèsílẹ̀ ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. O ní ẹnì kan ní yàrá àwọn tíṣà ń sọ ọ́ káàkiri pé tíṣà tó bá mọṣẹ́ kì í ti inú ìwé ẹlòmíì kọ́mọ. Bi í pé níbo lòun ti rí tòun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó kó gbogbo nóòtù ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún mi, ó dì í sínú aṣọ. Àṣàkẹ́, bí kì í bá ṣe ìwé yẹn, ǹ bá ti sá lọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Mo wọ kíláàsì, ojú àwọn ọmọ kún ibẹ̀ bámú. Mo ṣí ìwé. Ìwé ní, "Kí wọn." Mo kí wọn. Ìwé ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n jókòó." Mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jókòó! Ó yà mí lẹ́nu pé wọ́n gbọ́ràn. Láti ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohùn mi.

Nítorí náà, ohun tí o ń ṣe yìí, oore ni. Tíṣà ìṣirò tó ń wọ kíláàsì ìtàn pẹ̀lú ẹ̀rù, ìwọ lo fẹ́ fún un ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa sọ.

Èkejì rèé, èyí ni kí o fara balẹ̀ kà jù.

O mọ̀ pé akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi. Inú kọ́tàsì ni wọ́n bí mi sí, ibi tí wọ́n bá sì gbé bàbá mi lọ náà là ń pè nílé. Lónìí Òṣogbo, lọ́la Ọ̀fà, lọ́túnla Mìnà. Bí ẹ bá bi mí nígbà náà pé níbo nilé mi, nọ́ńbà kọ́tàsì ni mo máa kà fún yín. Irú mi yìí ni wọ́n gbé lọ sí abúlé àwọn ará Ìbàdàn kan, níwájú Lálúpọn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ Èkó.

Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan wà nínú rẹ̀ tó ní kí àwọn ọmọ kọ àròkọ nípa ilé wọn: ibi tó wà, bó ṣe rí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún wọn bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Wọ́n kọ ọ́, mo kó o jọ, mo jókòó láti máàkì rẹ̀. Hà! Ọmọ tí mò ń rí láràárọ̀ tó ń pọnmi lódò ẹ̀yìn ilé-ìwé ní ilé òun wà l'Ójèé, n'Ìbàdàn. Èyí tí ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá bọ́ọ̀lù wa ní Fókó nilé òun. Òmíràn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Kò sí ẹyọ ọmọ kan tó dárúkọ abúlé náà. Inú bí mi. Mo fi yíǹkì pupa kọ "Irọ́ ni" sára gbogbo rẹ̀, mo fún gbogbo kíláàsì ní òdo, mo sì ní kí wọ́n lọ fi han àwọn òbí wọn.

Wọ́n sì fi hàn wọ́n!

Lọ́jọ́ kejì, Baálẹ̀ abúlé fúnra wọn ló wá, pẹ̀lú àwọn àgbààgbà tó tẹ̀lé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọn ò jẹ́ mi. Wọ́n na ìwé ọmọ-ọmọ wọn sí mi.

"Tísà, kí lẹ kọ síbí?"

"Mo kọ ọ́ pé irọ́ ni, bàbá."

"Ta ló parọ́?"

"Àwọn ọmọ ni, bàbá. Ibí ni wọ́n bí wọn sí, ibí ni wọ́n ń gbé, wọ́n wá ń sọ pé Ìbàdàn nilé àwọn."

Bàbá wo àwọn tó tẹ̀lé wọn, wọ́n tún padà wò mí. Ohùn wọn ò le, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Oko là ń gbé," wọ́n ní. "Ilé wa ń bẹ n'Íbàdàn. Bí mo bá kú, ilé ni wọn ó gbé mi lọ. Ẹni tí ò bá nílé n'Íbàdàn, tó jẹ́ oko nìkan ló ní, a mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é: ẹrú ni. Sé orúkọ náà lẹ wá ń pe àwọn ọmọ wa?"

Ìwọ ọmọ Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí lè máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín, o ti mọ̀ ọ́n láti kékeré: kí ènìyàn lo gbogbo ayé rẹ̀ lóko, kó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, ilé rẹ̀ ṣì ni agbo ilé n'Ìbàdàn tó jẹ́ pé bóyá ọdún Iléyá àti ìsìnkú nìkan ló ń dé ibẹ̀. Ta ló sọ fún èmi ọmọ kọ́tàsì? Ìwé mi ò sọ ọ́. Ẹni tó kọ ọ́ ò ronú kan abúlé rí.

Wọ́n kó gbogbo ọmọ wọn kúrò nílé-ìwé. Àga àti tábìlì ni mò ń kí káàárọ̀. Ọ̀gá wa mú mi, a lọ bẹ̀ wọ́n, a lọ, a bọ̀, wọn ò gbà. Níkẹyìn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a tún lọ, tí ẹ̀bẹ̀ ti tán lẹ́nu mi, mo kàn ṣèèṣì bi Baálẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, bí ilé bá wà n'Ìbàdàn, kí ló wá gbé yín dé oko?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Hẹn! Tísà ti ń kọ́mọ wàyí. Ẹ jókòó."

Wọ́n sọ ọ́, wọ́n sọ ọ́, àwọn àgbà tó kù ń gbà á lẹ́nu wọn. Àwọn ọmọ padà wá ní ọjọ́ Ajé. Mo ti ìwé Èkó sápá kan, mo bi wọ́n léèrè: nínú ilé tiyín, ta ló kọ́kọ́ kúrò n'Ìbàdàn wá sóko, kí ló lé e wá? Mo ní kí wọ́n lọ bèèrè, kí wọ́n wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mi, o yẹ kí o wà níbẹ̀! Ti ẹnì kan, kòkó ló gbé e wá. Ti òmíràn, ó ń sá fún owó orí. Ti ẹ̀kẹta, òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń fẹ́ obìnrin kan, àbúrò gba obìnrin, ẹ̀gbọ́n gbóko lọ! Gẹ̀ẹ́sì wọn wọ́ bí ẹsẹ̀ alákàn, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa ń kọ ìlà mẹ́ta tẹ́lẹ̀ kọ ojú ewé méjì. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ìtàn ti ń jókòó nínú kíláàsì mi láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ìmọ̀ràn ibẹ̀ nìyí. Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fúnni lẹ́sẹ̀ a ṣoni. Rẹ́gí-rẹ́gí ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ìwọ tó ń rán ṣòkòtò fún ẹni tí o ò rí, fi ibi tó máa tú sílẹ̀ síbẹ̀. Ní ojú ewé kejì rẹ, o kọ ọ́ pé, "Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dárúkọ ìlú rẹ̀." Lẹ́yìn náà o fi ìlà sí i pé bí ìdáhùn bá tọ́, kí tíṣà lọ síwájú. Èwo ló tọ́? Ọmọ Ẹ́rúnmu á gbé àyà sókè, á ní Ẹ́rúnmu ni, ìlú àwọn sì ti wà kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn dó. Ọmọ abúlé Akínyẹlé níbí á ní Ìbàdàn ni. Ní Olódò, tí gbogbo ayé ti wá kọ́lé sí, ìlú tí o ò gbọ́ rí ni wọn á máa dárúkọ. Kò sí èyí tó ṣì í nínú wọn. Yọ "bó bá tọ́" kúrò, kí o kọ ọ́ pé kí tíṣà bi wọ́n bó ṣe jẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ̀kẹta. Má máa kọ èsì sí àwọn ọmọ lẹ́nu. O ní, "Tíṣà: Kí ló lé àwọn ènìyàn kúrò ní ìlú wọn? Àwọn ọmọ: Ogun ni." Ta ló sọ fún ọ pé ohun tí wọ́n máa sọ nìyẹn? Nínú ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́sí, ibì kan wà tó ní kí n sọ àpárá kan nípa ìjàpá, wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níhìn-ín ni àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín." Mo sọ ọ́. Mo dúró. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Torí ìwé ní wọ́n máa rẹ́rìn-ín, mo tún un sọ, mo fi ohùn àti ojú sí i. Ọmọ kan níwájú bú sẹ́kún! Ó rò pé mò ń bínú sí òun ni. Bàbá rẹ ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kà á sókè fún wọn yìí, ó sì ti tó ìgbà mélòó tí wọ́n ti gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ náà ní ìmọ̀ràn tiwọn, kí n kọ ọ́ síbí kí wọ́n tó lọ kírun. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ dùn ún gbọ́, ó ga, ó gùn, ó sì dá àwọn lójú pé owó ilé-ìwé rẹ ò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ní oko ìwádìí tí àwọn ti ń ṣe akọ̀wé, bí wọ́n bá kọ ìwé bí a ṣe ń gbin irúgbìn tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì tó ga báyẹn, àwọn àgbẹ̀ kàn máa ń fi di èkuru ni. Fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tíṣà tó bá ń jìjàkadì pẹ̀lú gbólóhùn rẹ ò ní ráyè wo ojú ọmọ.

Ṣé ẹ̀kẹrin ni mo kà dé, àbí ìkarùn-ún? Jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ jàre. Ohun tó ń gbóná lọ́kàn mi láti òwúrọ̀ ni mo fẹ́ sọ báyìí.

Mo mú ìwé rẹ, mo gbé e fún ẹlòmíì.

Má bínú. O ní kí n sọ òótọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ òótọ́ lórí àga pálọ̀ mi? Èmi ìyá rẹ, bí o bá kọ orúkọ ọjà lásán, ó máa dùn mọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá, aládùúgbò wa, ni mo gbé e fún. Tíṣà àgíríìkì ni, ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́yìn ilé wa. Wọ́n gbé ìtàn lé e lọ́wọ́ torí pé kò sẹ́lòmíì, ó sì kórìíra rẹ̀ bí ẹní kórìíra egbò. Ẹ̀kọ́ òkú ló ń pè é.

"Mummy," ó ní, "èmi ò mọ ohun tí àwọn òkú jẹ sùn."

Mo ní, "Ṣáà kà á. Bí ìwé ṣe wí ni kí o ṣe."

Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì.

Àṣàkẹ́, mo làágùn! Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé rẹ bí ẹní ń ka ìkéde ìgbéyàwó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gbójú sókè. Àwọn ọmọ ti ń fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ń sọ sínú pé, ọmọ mi ti gbé, ó parí, Olódò á dàrú. Ó kà á dé ibi tí o ti bi wọ́n pé: "Bí ogun bá dé lónìí, tí ẹ ní láti sá kí oòrùn tó wọ̀, kí ni ìwọ máa gbé?"

Ariwo sọ! "Rédíò bàbá mi!" "Àpótí aṣọ màmá wa!" "Ewúrẹ́!" Ọmọkùnrin kan ní òun máa gbé yúnífọ́ọ̀mù òun, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìbéèrè yẹn, ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo ni ín, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ láìfi ìyá ṣe: ó dára ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ láyé mi lọ.

Nígbà náà ni ọmọbìnrin kan dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn arúgbó tí ò lè rìn ńkọ́? Ta ló gbé wọn?"

Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá wo ìwé. Kò sí níbẹ̀. Ó ṣí i sẹ́yìn, kò sí níbẹ̀. Ó wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo páànù òrùlé bí ẹni pé èmi ni mo kàn án. Ó ti yá, mo ní, ìwé ti tán, ó ku ènìyàn.

Ó gbé ìwé rẹ sílẹ̀.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Ẹni tó bá pọn ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ṣé ó tún lè ru èbù iṣu?"

"Kò lè rù ú, sà!"

"Bó bá wá dé ibi tó ń lọ, kí ló máa gbìn?"

"Àgbàdo, sà!"

"Èé ṣe?"

"Ó fúyẹ́, sà! Ó sì tètè ń gbó!"

"Ó dáa. Kí àgbàdo náà tó gbó, kí ni wọ́n máa jẹ? Ilẹ̀ ta ni wọ́n máa gbìn ín sí? Ṣé ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fún wọn nílẹ̀?"

Ṣọ́ọ̀kì kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú òmíràn. Ó ń kọ, àwọn ọmọ ń pariwo, ó ń kọ. Ó dé ibi tó jẹ́ pé ẹni tó fún àjèjì nílẹ̀ tó sì bọ́ ọ ló máa di ọ̀gá rẹ̀, tó máa kó o sẹ́yìn ara rẹ̀ lọ jà bí ogun mìíràn bá dé, bí Ìbàdàn ṣe di ńlá nìyẹn. Ohun tó wà ní ojú ewé kẹrin rẹ gan-an ni! O kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìpínrọ̀ gígùn, ó gbẹ, ó le. Òun gba orí èbù iṣu débẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Agogo lù, ẹnikẹ́ni ò dìde. Wọ́n ṣe iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tí o fi sí i, pé kí wọ́n kọ lẹ́tà bí ẹni tó sá ogun dé ibì kan. Ọmọbìnrin yẹn kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, pé òun gbé ìyá àgbà, òun fi iṣu sílẹ̀, ebi ń pa àwọn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà ń pa àlọ́ fún àwọn. Mo sunkún, Àṣàkẹ́. Mo sunkún níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, mo ń fi ìborùn nu ojú, inú mi sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Nítorí náà, gbọ́ èyí tó kù. Bí o bá dé Olódò ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀yìn ni kí o jókòó sí. Má máa mi orí sí tíṣà náà, má máa fi ẹnu ṣàmì ọ̀rọ̀ tó gbàgbé. Bó bá gbé ìwé rẹ sílẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́, àyà rẹ óò já, mo mọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀gá àgbà lè máa wo ara wọn pẹ̀lú. Fara dà á. Dúró wo ohun tó máa fi ọwọ́ tó ṣófo yẹn ṣe. Kí o sì kọ ìlà kan sí òpin ojú ewé kìíní kí o tó kó o lọ: pé bí ọmọ bá bèèrè ohun tí kò sí níbí, kí tíṣà gbé ìwé sílẹ̀ kó gba orí ohun tí òun mọ̀ wọlé.

O bi mí bóyá kí o lọ sọ fún wọn pé o ò ṣe mọ́. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, kí o dá ara rẹ lóhùn.

Òwúrọ̀ Sátidé, a ò tíì jẹun, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn gbàgbàgbà. Bàbá rẹ ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gbẹ́ni Láyíwọlá ni, ó wọ aṣọ oko, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé ó wá dá ìwé rẹ padà ni. Ó kí wa, kò jókòó.

"Mummy, ẹ̀kọ́ kejì dà?"

Mo ní, "Kò tíì kọ ọ́."

"Kò tíì kọ ọ́ báwo?" Ojú rẹ̀ yí padà. "Mummy, àwọn ọmọ yẹn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o! Kí lẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

Ó yí padà, ó gba ọ̀nà oko. Ó ṣì wà lójú ọ̀nà oko bí mo ṣe ń wò ó lọ, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń fi àdá ṣàpèjúwe fún ara rẹ̀.

Kọ èkejì, ọmọ mi. Wọ́n ń dúró.

Èmi ni, ìyá rẹ tí ayọ̀ ò jẹ́ kó jókòó.